Orúkọ Wà Lára Òkúta, Ẹbí Wà Nílé: Ohun Tí Bàbáńlá Lè Ṣe fún Àwọn Ọmọ Ogun Tí Kò Padà Dé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba ní Bàbáńlá, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara

  

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan káàkiri ayé tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa wá ibojì àwọn ọmọ ogun kiri, tí wọ́n ń ya fọ́tò wọn kí ẹbí olóògbé lè rí i. Ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún wọn. Màá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ní ti àwọn ọmọ ogun tiwa, fọ́tò nìkan kò tó. Orúkọ wọn wà lára òkúta lókè òkun, àmọ́ orúkọ náà kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní agbo ilé. Ẹni tó lè fi èyí tó kù kún un kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àárín wa níbí ló wà.

Ogun tó kó wọn lọ

Nígbà tí Lugard, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, ń dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Jẹ́bà tó wà létí Odò Ọya, tó jẹ́ ara Kwara lónìí, wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ pàgọ́ sí. Àgọ́ náà kò jìnnà sí wa, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó ń kó ọmọ ogun kò fi pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Kamẹrúùnù, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, wọ́n sì jà níbẹ̀ títí di 1916. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ní oṣù kẹwàá 1917, wọ́n jà ní Mahiwa, ọ̀pọ̀ wọn kò sì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn aláàárù wà, tí ẹrù ìbọn àti oúnjẹ wà lórí wọn. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà àti ebi pa aláàárù ju ọta ìbọn lọ.

Ogun kejì ni àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Ethiopia, wọ́n sì jà níbẹ̀ ní 1941. Láti 1943, wọ́n kó wọn gba India lọ sí Burma. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí Éṣíà nígbà ogun yẹn, nínú ẹ̀ka 81 àti ẹ̀ka 82, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní àfonífojì Kaladan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè, orí ni wọ́n sì fi ń ru gbogbo ẹrù yòókù. Ní oṣù kìíní 1945, wọ́n gba ìlú Myohaung.

Ẹ̀yin tó bá ti lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn rí, ẹ ti ka orúkọ ojú ogun wọ̀nyí láìmọ̀. Arakan Barracks ní Àpápá, Letmauk Barracks ní Ìbàdàn, ibùdó Myohaung àti Marda ní Yábàá: ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti tàjẹ̀ sílẹ̀ ni gbogbo wọn, Marda ní Ethiopia, àwọn yòókù ní Burma. A rántí orúkọ ibi tí wọ́n kú sí, a fi sọ ilé. Orúkọ àwọn tó kú síbẹ̀ ni a kò rántí.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emúrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japan kọ lu ẹgbẹ́ oníṣègùn tó wà nínú rẹ̀ létí odò Kaladan. Ìbọn bà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbé òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Fadoyebo padà sílé, ó kọ ìwé ìrántí rẹ̀, ó sì kú ní 2012. Ìwé rẹ̀ ló jẹ́ kí akọ̀ròyìn Barnaby Phillips wá ẹbí Shuyiman kàn ní Burma. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni èyí: ẹnì kan ṣoṣo tó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Àwọn tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ilé tiwọn náà.

Ìlérí tí wọ́n ṣe, àti ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́

Ní 1917, ọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú ibojì àwọn tó kú sójú ogun. Fabian Ware ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. CWGC ni wọ́n ń pè é lónìí, ìyẹn àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun ní Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ó ń rántí òkú tó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ dára: kí a kọ orúkọ olúkúlùkù, yálà sórí ibojì rẹ̀ tàbí sára òkúta ìrántí bí a kò bá rí òkú rẹ̀, kí òkúta ọ̀gágun má ga ju ti kúrúǹtù lọ, kí a má fi ẹ̀sìn tàbí àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n pa òfin yẹn mọ́ ní France. Wọn kò pa á mọ́ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹrin 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn ìwádìí jáde, ó sì tọrọ àforíjì. Ìròyìn náà sọ pé àwọn tó lé ní 116,000, tí wọ́n sì lè tó 350,000, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti ọmọ Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbi kankan lẹ́yìn ogun kìíní. Ohun tó dùn mí jù nínú ìròyìn yẹn ni ọ̀rọ̀ Gómìnà Gold Coast, F. G. Guggisberg, ní ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1923. Ó ní ọmọ ìbílẹ̀ kò ní mọ ohun tí òkúta orí ibojì jẹ́, kò sì ní mọ rírì rẹ̀.

Ṣé àwa ni kò mọ rírì ibojì? Àwa tí a ń sin bàbá wa sínú ilé, tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè nawọ́ sí ojú oórì bàbá bàbá rẹ̀ ní ìyẹ̀wù! Àwa tó jẹ́ pé bí ẹni wa bá kú sájò tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, a ó gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, a ó gbé e wálé, a ó sì sin ín bí ẹni sin òkú gan-an. Àjò kì í dùn kí onílé má rè lé, títí kan òkú onílé. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ bó ti burú tó kí òkú má ní ibi tí a ó nawọ́ sí, Yorùbá ni. Kí ló dé tí irun àti èékánná kò wá láti Mahiwa àti Kaladan? Ẹni tó yẹ kó gé e ti kú tàbí ó ti sá, ìjọba tó kó wọn lọ kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹbí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n sin ọmọ wọn.

Àwọn tó ń ya fọ́tò

Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ṣe ohun tí ìjọba kò ráyè ṣe. Ẹgbẹ́ kan wà ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ The War Graves Photographic Project. Èrò wọn ni kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ibojì ogun àti gbogbo orúkọ tó wà lára òkúta ìrántí, kí ẹbí tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú lè jókòó sílé kí wọ́n sì rí i. Àwọn mìíràn ń lo ìkànnì Find a Grave, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, tàbí BillionGraves, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Nínú ti ìkejì yìí, fóònù ló ń sọ ibi tí ibojì náà wà gẹ́lẹ́. Ẹgbẹ́ In From the Cold ní tiwọn ń wá àwọn tí orúkọ wọn yẹ kó wà nínú ìwé tí kò sì sí níbẹ̀, wọ́n sì ti jẹ́ kí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ kún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ọ̀hún? Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, torí pé òjìji ló ń gbé lẹ́tà tó ti ń pa rẹ́ jáde; oòrùn ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kó hàn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ kí kámẹ́rà lè dọ́gba pẹ̀lú ojú òkúta. Wọ́n á ya odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ya ibi orúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ya gbogbo àyíká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà ìlà àti ti ibojì sílẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá bò ó, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọn kì í da hípò sí i, wọn kì í fi kànìnkànìn onírin ha á, wọn kì í sì fi ẹfun kun lẹ́tà kó lè hàn, nítorí ohun tó hàn dáadáa lónìí lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣe é kà mọ́ lọ́la.

Ibi tí ọ̀ràn tiwa pọ̀ sí jù ni Taukkyan, ní àríwá ìlú Yangon ní Burma, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí. Ibojì 6,374 ló wà níbẹ̀. Láàárín itẹ́ náà ni òkúta ìrántí Rangoon dúró sí, tí orúkọ bí 27,000 wà lára òpó rẹ̀: orúkọ àwọn tí wọn kò mọ ibi tí òkú wọn wà. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn sùn sí Chittagong àti Maynamati ní Bangladesh. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba Myanmar ní oṣù kejì 2021, ìrìn àjò lọ síbẹ̀ ti le gan-an. Fọ́tò tí ẹnì kan ti yà síbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ló kù fún ọ̀pọ̀ ẹbí.

Àyè tó ṣófo

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé orúkọ CWGC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá wá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan tó kú ní Burma, ẹ ó rí nọ́ńbà rẹ̀, ipò rẹ̀, ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, ọjọ́ tó kú, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí ibojì rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan máa wà nísàlẹ̀: ọmọ lágbájá àti tàmẹ̀dò, ọkọ làkáṣègbè, ará ìlú báyìí. Àjọ náà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ẹbí, ẹbí ló fi èsì ránṣẹ́ padà. Ẹ wá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ogun Nàìjíríà: nọ́ńbà wà, ipò wà, ọjọ́ wà, nọ́ńbà òpó tí orúkọ rẹ̀ wà wà. Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, òfìfo ni. Kò sí ọjọ́ orí. Kò sí òbí. Kò sí ìlú.

Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà, a ní ohun tó dà bí òdìkejì èyí nítòsí wa. Ní Èsìẹ́, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ojú wà, ilà wà, fìlà wà, àmọ́ kò sí ẹni tó lè dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ní Taukkyan, orúkọ ló wà, kò sí ojú. Ti Èsìẹ́ ti kọjá agbára wa. Ti Taukkyan kò tíì kọjá agbára wa, nítorí ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn tó mọ ojú náà ṣì wà láyé.

Ìṣòro mìíràn wà nínú orúkọ gan-an. Akọ̀wé àwọn ológun kì í sábà bèèrè orúkọ bàbá lọ́wọ́ ẹni tó wá forúkọ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ ni ó máa ń kọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ rántí Chari Maigumeri, ògbóǹtarìgì sójà tó kọ́kọ́ jà fún Jámánì ní Kamẹrúùnù kó tó wá di ọmọ ogun Nàìjíríà: ìlú ni Maigumeri. Nítorí náà, ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ ìdílé tí à ń jẹ́ lónìí nìkan. Kó tẹ Babanla. Kó tẹ Share, Ajasse, Omu-Aran, Oke-Ode. Kó tẹ Ilorin pẹ̀lú, kó sì tẹ Illorin bí àwọn òyìnbó àtijọ́ ṣe máa ń kọ ọ́, torí pé abẹ́ ẹkùn Ìlọrin ni a wà nígbà náà, kò sì ṣòro kí akọ̀wé kó gbogbo wa pọ̀ sábẹ́ orúkọ yẹn. Audu, Momo, Jimo, Ojo, Salami: bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sí àmì ohùn, lẹ́tà tó yẹ kó wà kì í sí níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ilé náà la ó wò ká tó mọ ẹni tó ni orúkọ. Audu Ilorin tó kú ní 1944 lè jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni nínú ọgọ́rùn-ún agbo ilé. Olùyọ̀ǹda tó wà ní Yangon lè ya fọ́tò rẹ̀ títí di ọ̀la, kò lè mọ̀. Ìyá àgbà kan ní Bàbáńlá tó ń ki oríkì agbo ilé rẹ̀, tó bá dé ibì kan tó sọ pé èyí tó lọ sógun òyìnbó tí kò padà, òun ló mọ̀.

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá àwọn àgbà ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá ọkùnrin sọ̀rọ̀, ẹ bá obìnrin sọ̀rọ̀ jù, pàápàá àwọn ọmọ osú tó ti ń gbé ilé bàbá wọn pẹ́. Ẹ gbohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Àjọ FamilySearch ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń gba ìtàn ìran sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ bèèrè pé: ta ni a ń pè ní Bàbá Sójà níhìn-ín? Ta ló bá a lọ tí kò bá a bọ̀? Ta ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ mélòó ló fi sílẹ̀, ṣé lẹ́tà kankan dé, ta ló kà á fún wọn? Bí wọn kò mọ ọdún, ẹ bi wọ́n bóyá ṣáájú ogun Hítílà ni, nígbà rẹ̀ ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bi wọ́n ẹni tó wà lórí oyè nígbà náà.

Ẹ wo inú àpótí. Ìwé ìfẹ̀yìntì, fọ́tò nínú aṣọ kákí, mẹ́dàlì, ìwé tí wọ́n fi ń gbowó: ẹ ya gbogbo wọn ní fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Nọ́ńbà ológun ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ, nítorí ènìyàn mẹ́wàá lè jẹ́ Momo, ṣùgbọ́n kì í sábà sí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ ogun kan tó ní nọ́ńbà kan náà.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ibojì ogun ló wà lókè òkun. Àjọ CWGC ń ka ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ológun láàárín ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1914 sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1921, àti láàárín ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1939 sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1947. Ẹni tó gbé àìsàn ogun bọ̀ wálé, tó sì kú nítorí rẹ̀ kí ìgbà yẹn tó parí, lè wà lára àwọn tí orúkọ wọn yẹ kó wà nínú ìwé, bí ẹ̀rí bá wà. Ibojì rẹ̀ lè wà lẹ́yìn ilé kan níhìn-ín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ilé kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibojì di ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Bí ibojì bá wà ní oko tàbí ní ahoro, ẹ kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ààbò ṣe rí ní agbègbè wa yìí báyìí. Fọ́tò kan kò tó ohun tí ọmọ ènìyàn á fi ẹ̀mí dí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ àti fijilántè mọ̀, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dúró, ẹ dúró.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní ogun òyìnbó ni, kí ló kàn wá? Ogun òyìnbó ni lóòótọ́. Ọmọ Ìgbómìnà ló sì jẹ́ nígbà tó ń jà á, ọmọ Ìgbómìnà náà ló jẹ́ nígbà tó kú. Ìkejì, ààfáà lè sọ pé ẹ̀sìn kò fẹ́ kí á máa kọ́lé sórí ibojì. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ kọ́lé. Ìwé ni a fẹ́ kọ, kí á lè máa dárúkọ òkú nínú àdúà. Ìkẹta ni owó. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: kò sí owó ìrànwọ́ kankan tí ẹbí máa gbà nínú èyí. Ẹgbẹ́ mìíràn lè gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí fún fọ́tò tó mọ́ kedere, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá sílé yín tó ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí ẹ lè gba owó sójà Burma, gbájúẹ̀ ni. Ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ mi mẹ́ta rèé. Kí ìlú ṣe ìwé ńlá kan, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán orúkọ kan wá, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá àti ìyá sí i, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà láàfin, kí ọ̀kan wà ní ilé-ìwé girama, kí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ní ẹ̀dà tiwọn, torí àwọn ni yóò rọrùn fún jù láti kọ̀wé sí àjọ náà. Kí àwọn olùkọ́ ìtàn fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Àjọ CWGC ti ṣí ojúlé kan tí wọ́n ń pè ní For Evermore sórí ìkànnì wọn, níbi tí ẹbí ti lè kọ ìtàn olóògbé wọn, kí wọ́n sì fi fọ́tò rẹ̀ sí i. Bí ẹ̀rí bá sì wà, a lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ìlà òfìfo yẹn kọ.

Àwọn àgbà tó mọ ìtàn yìí ń dín kù lọ́dọọdún, òkúta kò sì lè sọ ohun tí wọn kò bá sọ. Nítorí náà ni mo fi ní kí á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ká má dúró de àjọ, ká má dúró de ìjọba. Ẹ kọ orúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.